Ìgò Tó Ṣẹ́ Lọ́rùn

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ṣẹ́ ìgò lọ́fínńdà Alhájà lọ́rùn. Ìyá bàbá mi ni Alhájà. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ọjà'ba, n'Íbàdàn, yàrá rẹ̀ ni mo sì máa ń sùn. Ìgò náà kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Dígí rẹ̀ nípọn, wọ́n gé ara rẹ̀ ní igun-igun, débi pé bí oòrùn àárọ̀ bá bá a lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n wẹ́wẹ́ sára ògiri. Mẹ́kà ló ti rà á bọ̀. Òróró olóòórùn ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọtí níbẹ̀ rárá. Bí Alhájà bá ti ṣe àlùwàlá tán, á fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí àti ọrùn ọwọ́ kó tó tẹ́ ẹní ìkírun.

Èdídí ìgò náà, dígí ni òun náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gùn wọnú òróró. Bí ẹ bá fa èdídí náà jáde, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni ọ̀pá yẹn máa ń gbé wá, ẹ̀kán kan náà sì tó láti máa ta sánsán lára láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alhájà ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó wù mí kí èmi náà ta sánsán bíi tirẹ̀. Mo mú ìgò, mo fa èdídí, kò wá. Mo yí i, kò yí. Mo fi etí aṣọ dì í mú, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá lọ fi ilẹ̀kùn há èdídí náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì yí ìgò. Ohun tí mo gbọ́ kò ju "kẹ́" lọ. Ọrùn ìgò ló ṣẹ́. Èdídí ṣì wà nínú ọrùn tó ṣẹ́ náà digbí, kò tú u sílẹ̀. Òróró sì ti dà sórí ẹní, ó ti wọ sìmẹ́ńtì, ó ti wọ aṣọ mi.

Nígbà tí Alhájà dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

"Àṣàbí, kí lo dà nù?"

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Kò nà mí. Ó ṣa dígí, ó ká ẹní, ó mú ọrùn ìgò tí èdídí wà nínú rẹ̀, ó gbé e sójú, ó ń wò ó.

"O ò bá ti dúró dè mí. Agbára kọ́ la fi ń ṣí i. Òróró ẹ̀pà lo máa kán sí i léti, wàá fi í lẹ̀ sùn. Tó bá ṣì ń ṣagídí, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọrùn rẹ̀ mú kó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọrùn o! Má fọwọ́ kan èdídí. Á dẹ̀ fúnra rẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọrùn tó ṣẹ́ náà lójú mi. Ó fi òróró sí i, ó fi í lẹ̀. Ní ìdájí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ pelebe yẹn dì í mú, bí ẹni tó di ọmọ ẹyẹ mú, ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Nígbà tó ṣe, ó fi ìka méjì yí èdídí náà, ó sì yọ.

Ó kó èdídí náà fún mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, Alhájà ti ré kọjá, èdídí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ìtajà mi ní Mọ́kọ́lá, níbi tí mo ti ń ta lọ́fínńdà, tí mo sì ń bu ti oríṣiríṣi sínú ìgò kéékèèké fún àwọn tí owó wọn kò ká odindi. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti kọ lónìí ni ìgò. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí nípa òórùn, wọ́n á bi mí bó ṣe máa pẹ́ lára sí, wọ́n á sì dá owó lé e. Ìgò ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọn kì í wò ó. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ara ìgò ń ṣe, kò ní fi lọ́fínńdà rẹ̀ ṣòfò. Ohun mẹ́ta ló ń pa lọ́fínńdà: afẹ́fẹ́, oòrùn, àti ooru. Ìgò ló dúró láàárín òun àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Yorùbá ti fi ara ènìyàn sọ ìgò lórúkọ tipẹ́. Ó ní ẹnu, ó ní ètè, ó ní ọrùn, ó ní èjìká, ó ní ikùn, ó sì ní ìdí. Ọrùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi han ọmọṣẹ́ tuntun, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nílé iṣẹ́ dígí pàápàá, ọrùn ló ń ṣáájú. Wọ́n á yọ́ iyanrìn, kẹ́míkà sódà àti òkúta ẹfun pọ̀ nínú iná tó tó ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì 1,500. Dígí yíyọ́ náà á já bọ́ sínú mọ́ọ̀dù bí ẹ̀kán oyin ńlá tó pọ́n yòò. Ẹnu àti ọrùn ló máa kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dì í lọ́rùn mú, wọ́n á gbé e lọ sínú mọ́ọ̀dù kejì, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú kí èjìká, ikùn àti ìdí tó ní ìrísí. Wọn kì í gbé e síta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ààrò gígùn kan ló máa gbà kọjá, ooru ibẹ̀ á máa dín díẹ̀díẹ̀, nítorí dígí tó bá tutù lójijì á máa gbé ìjà sínú, á wá fọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Àfonífojì odò Bresle, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé, ni púpọ̀ nínú àwọn ìgò lọ́fínńdà olówó iyebíye ayé ti ń wá. Orúkọ ibẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àmọ́ bí mo bá ronú kan iná tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, Ilé-Ifẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní Igbó Olókun níbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìkòkò tí àwọn ará ìgbàanì fi yọ́ dígí, àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí lọ́pọ̀ yanturu, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí ọ̀rúndún 15. Àwọn ni wọ́n po dígí yẹn fúnra wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí èdídí. Ohun tí Alhájà mọ̀ ní ìmọ̀ọ́ ṣe ni mo wá mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí mo dàgbà. Èdídí dígí kì í dúró ní ẹnu ìgò lásán. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọrùn ìgò tirẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú eruku òkúta líle, títí tí ojú méjèèjì á fi gún régé tí afẹ́fẹ́ kò fi ní í rí àyè. Ìdí nìyẹn tí ibi tí èdídí ti ń wọ ọrùn fi máa ń rí bí ìgbà tí èémí bo dígí. Bí ẹ bá rí ìgò àtijọ́ tó dára, ẹ yí i wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n ha sí ìsàlẹ̀ èdídí, kí ẹ sì bá nọ́ńbà kan náà lára ìgò. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èdídí á ṣìnà, torí pé ti ìgò kan kì í bá òmíràn mu, ìbáà jẹ́ pé inú mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti jáde. Bí òróró bá wá gbẹ sáàárín àwọn méjèèjì, ó di àtè. Ooru àtẹ́lẹwọ́ ló ń mú ọrùn fẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ èdídí. Ìdí tí Alhájà fi ní kí n má fọwọ́ kan èdídí nìyẹn.

Nígbà kan, ìgò bíi ti ilé oògùn ni wọ́n ń kó lọ́fínńdà sí nílẹ̀ Faransé, oníkálukú á lọ dà á sínú ìgò ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nílé. François Coty, aṣelọ́fínńdà tó jẹ́ ọmọ erékùṣù Corsica, wà lára àwọn tó yí èyí padà. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa rẹ̀: pé ní 1904, ilé ìtajà ńlá kan ní Paris kò gba ọjà rẹ̀, ìgò kan wá já bọ́, ó fọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ni àwọn obìnrin tó ń rajà bá fi imú tẹ̀lé òórùn náà, wọ́n sì rà á tán. Ẹni tó bá ti rí bí ilé wa ṣe rí ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn kò ní jiyàn pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé kò pẹ́ sígbà náà tí Coty lọ bá René Lalique, tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, pé kó bá òun ya ìgò. Láti ìgbà náà ni ìgò àti òórùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ kan náà.

Ti lọ́fínńdà Chanel No. 5 tún wà, tó jáde ní 1921. Ìgò rẹ̀ kò ní òdòdó, kò ní ẹyẹ, igun mẹ́rin pérépéré ni, pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì funfun. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dí ẹnu èyí tó jẹ́ ògidì, tí kì í ṣe oní-pọ́ǹpù. Wọ́n á na awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo èdídí àti ọrùn, ìfun ẹran ni wọ́n ń fi ṣe é látijọ́, wọ́n á wá fi òwú dúdú so ó yíká ọrùn, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi èdìdì lù ú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí fídíò rẹ̀, mo pe ọmọṣẹ́ mi kó wá wò ó. Alhájà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ re Mẹ́kà kì í kó òróró sínú àpótí bọ̀ wálé láìṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi ọ̀rá bo ẹnu ìgò, wọ́n á fi òwú ìránṣọ so ó lọ́rùn ní ìsomọ́ mẹ́ta, wọ́n á tó wá dé ọmọrí lé e. Mo ti rí ìgò tó ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀, tó yí gbirigiri nínú bàálù, tí kò ta ẹ̀kán kan sára aṣọ.

Ìgò òróró yẹn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ óò rí i pé mílílítà 3, 6 àti 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Tólà ló fà á, ìwọ̀n àwọn ará Íńdíà, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 11.66. Mílílítà 12 dúró fún tólà kan, 6 fún ààbọ̀, 3 fún ìlàrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní èdídí dígí mọ́. Bọ́ọ̀lù irin tàbí ti dígí ni wọ́n fi dí wọn lẹ́nu, tó ń yí lára bí ẹ bá fi í pa ara. Ó dára fún ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà ń gbé òógùn àti ìdọ̀tí ara padà sínú òróró. Ọ̀pá dígí Alhájà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni kì í fi í kan ara àfi lẹ́yìn àlùwàlá, nígbà tí ara ti mọ́.

Pọ́ǹpù ló gba ìka àti ara kúrò lẹ́nu ìgò. Ọwọ́ dókítà ló sì ti wá. Allen DeVilbiss, dókítà kan ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ kan ní ìparí ọ̀rúndún 19 láti máa fi fín oògùn sí ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ló wá sọ ọ́ di ti lọ́fínńdà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Àwọn ìgò tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ wé, tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù àtijọ́, irú iṣẹ́ yẹn ni. Afẹ́fẹ́ tó sáré kọjá lórí ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín máa ń fa omi inú ọ̀pá náà sókè, á sì fọ́ ọ sí ìrì. Ẹni tó bá bá ayé fílíìtì nílé, agolo onígi gígùn tí bàbá wa fi ń lé ẹ̀fọn lálẹ́, ti rí iṣẹ́ kan náà lójú ara rẹ̀.

Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọṣẹ́ mi bi mí bóyá gáàsì ló wà nínú ìgò lọ́fínńdà bíi ti agolo oògùn ẹ̀fọn. Mo mú pọ́ǹpù tó ti bàjẹ́ kan, mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì lórí tábìlì, mo to gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bọ́tìnnì tí ìka ń tẹ̀ ló wà lókè, ojú ihò rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ihò yẹn ni wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà wẹ́wẹ́ tó lọ́ po, kí lọ́fínńdà lè yí bíi ààjà kó tó jáde, yíyí yẹn ló ń sọ ọ́ di ìkùukùu. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yàrá rọ́bà kékeré kan wà, kò tó orí ìka ọmọdé. Sípíríǹgì kan wà nínú yàrá náà. Bọ́ọ̀lù kan tó rí bí ọkà bàbà sì jókòó sórí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù yẹn á di ihò ìsàlẹ̀ pa, ohun tó wà nínú yàrá kò ní ibi tí yóò yà sí mọ́, àfi òkè. Bí ẹ bá gbé ìka, sípíríǹgì á na, bọ́ọ̀lù á gbéra, yàrá náà á sì mu òmíràn láti inú ìgò. Kò sí gáàsì. Ìka yín ni gbogbo agbára rẹ̀. Títẹ̀ kan máa ń gbé nǹkan bí mílílítà 0.1 jáde, nípa bẹ́ẹ̀ ìgò mílílítà 100 lè tó títẹ̀ 1,000. Bí ìgò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dáhùn, torí afẹ́fẹ́ ló wà nínú yàrá náà. Obìnrin kan ti dá ìgò padà fún mi rí pé ó ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ̀ ẹ́, ó fín sí i lójú aṣọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Gbogbo ohun tó bá jáde, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé wá gba àyè rẹ̀, pọ́ǹpù náà ní ojú ihò kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Ìgò tó kún dé èjìká kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú. Èyí tó kù díẹ̀ nídìí, afẹ́fẹ́ ló ń bá gbé tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń tọ́jú lọ́fínńdà tó dára fún ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún nìkan, tí wọ́n fi ń dá díẹ̀ ṣẹ́kù fún ọdún mẹ́wàá, àwọn ló ń rí i pé ó ti yí padà, pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń kọlu imú, ọsàn wẹ́wẹ́, ewé tútù, ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lò ó. Bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó tán, ẹ bù ú sínú ìgò kékeré kó kún dé ọrùn, kí ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ má sì ṣe gbé e sílé ìwẹ̀.

Ọ̀pá rọ́bà tó lọ sísàlẹ̀, ẹni tó gé e ti ronú. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: gígé ẹ̀gbẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé e gbọọrọ ni, ìdí ìgò lè dí i pa. Wọ́n sì máa ń jẹ́ kó gùn ju ìgò lọ díẹ̀, kó lè tẹ̀, kó fi ẹnu kan kọ̀rọ̀. Nínú àwọn ìgò olówó gọbọi kan, ẹ kò ní rí ọ̀pá náà rárá. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí lọ́fínńdà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, ojú kò wá mọ ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti fọwọ́ kan irú rẹ̀. Bí lọ́fínńdà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀pá ń yọjú.

Ọmọrí kò fi bẹ́ẹ̀ mú mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ló ń dá lọ́fínńdà dúró, wọ́n á máa wá a kiri bó bá sọnù. Nínú ìgò oní-pọ́ǹpù, ọmọrí kì í dí nǹkan kan. Ó ń dáàbò bo bọ́tìnnì kí nǹkan má baà tẹ̀ ẹ́ nínú báàgì, ó sì ń lé eruku, ó tán. Òmíràn wúwo lọ́wọ́ torí irin tí wọ́n fi sí i nínú kó lè wúwo, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé òun ra nǹkan. Ohun tó ń dí ìgò gan-an kò fara hàn. Wáṣà rọ́bà kan ni, àti páànù tín-ín-rín tó ká mọ́ ètè ìgò lábẹ́ òrùka wúrà tàbí ti fàdákà tí ẹ ń rí lọ́rùn rẹ̀.

Páànù yẹn lèmi ń bá jà.

Ẹ̀rọ ló ń fún un mọ́ ètè ìgò. Ìwọ̀n ẹnu ìgò tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni mílímítà 15, àmọ́ 13, 18 àti 20 náà wà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, mo ra igba pọ́ǹpù láìwọn ọrùn ìgò mi, kò sí ẹyọ kan tó wọ̀. Bí wọ́n bá ti fún un tán, kò tún ṣeé ṣí. Ìyẹn ni pé ìgò dígí tó lè lò ju ẹni tó rà á lọ láyé, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láti kún. Bí pọ́ǹpù bá kú pẹ̀lú ìdajì lọ́fínńdà nínú rẹ̀, ó di kí ènìyàn máa wo ohun tí òun fi owó rà nínú dígí bí ẹni ń wo ẹja lódò. Ó máa ń dùn mí. Ẹni tó fi owó oṣù rẹ̀ ra nǹkan yẹ kó lè dé ìdí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń fún un máa ń sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má baà bu àyédèrú sínú ìgò wọn ni, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ní òun ń ra ìgò òfìfo, pàápàá èyí tí ọmọrí àti páálí rẹ̀ bá ṣì pé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò tà. Láti ọjọ́ náà, ìgò tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ fún mi, mo máa ń ha lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò, mo sì máa ń tú páànù ọrùn rẹ̀ ya kó tó kúrò lọ́wọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má fi bu àyédèrú tà fún ọmọ ọlọ́mọ. Páànù tó le ń dáàbò bo ẹni tó ń ra nǹkan tuntun. Síbẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Mugler gbé lọ́fínńdà Angel jáde ní 1992, nínú ìgò tó rí bí ìràwọ̀, wọ́n ṣe é kí àwọn tó rà á lè gbé e padà lọ sí ilé ìtajà kí wọ́n rọ ọ́ kún. Bó bá ṣeé ṣe fún ìràwọ̀ tó ṣòro dì mú bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe fún ìgò igun mẹ́rin.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nílé wa, a kì í ju ìgò òfìfo nù. Àárín aṣọ nínú àpótí la máa ń fi í sí, ẹnu rẹ̀ á wà ní ṣíṣí, á sì máa mú aṣọ run dáadáa fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí mo ṣí àpótí Alhájà lẹ́yìn tó ré kọjá, mo bá ìgò mẹ́rin, márùn-ún láàárín ìró àti ìborùn. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ọrùn. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ó ti fi okùn wé etí ibi tó ṣẹ́ náà yíká kó má baà ya aṣọ.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi. Ó gbé ìgò mílílítà 100 kan lé orí tábìlì, ó ti fi ìborùn wé e. Ti ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ tí bàbá náà ti kú. Bọ́tìnnì ti gan, lọ́fínńdà tó kù nísàlẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹ má fọ́ ọ."

Mo ní kó jókòó. Mo yọ òrùka fàdákà kúrò lọ́rùn ìgò, mo mú ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí etí páànù náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ó gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. N kò yí i. N kò fà á. Mo ń lọ yíká, mo ń gbé etí rẹ̀ sókè, títí tí gbogbo rẹ̀ fi tú lára ètè ìgò. Nígbà tí mo fa pọ́ǹpù jáde, òórùn náà kún ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà bojú.

Mo fi síríǹjì fà á, mo bù ú sínú ìgò mílílítà 6 méjì, mo jẹ́ kí wọ́n kún dé ọrùn, mo sì dé wọn. Mo bi í bóyá kí n bá a ju ìyókù nù.

Ó ní rárá. Ìgò, bọ́tìnnì, ọ̀pá rọ́bà, páànù tó ti ya jánnajànna, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó gbà á, ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó tún un so lẹ́ẹ̀kejì.